Ṣé Abẹ́rẹ́ Náà Ń Pe Orúkọ?

Darkuman, Accra
12 oṣù kìn-ín-ní, 2025

Màmá mi,

Ẹ forí jì mí, ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé prámárì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tètè wá sọ́wọ́ mi, mo ní láti dúró dè é bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Mo kí yín kú iṣẹ́ òkìrìkà, ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ṣé àwọn àbúrò mi ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?

Ẹ óò ní kí ló dé tí mi ò fi pè yín lórí fóònù. Màmá, nínú ilé yìí, tí mo bá sọ̀rọ̀ ní yàrá, wọ́n ń gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ mọ̀ pé ohùn yín kì í gbé inú fóònù, gbogbo ilé ní í bá mi gbọ́ ọ. Ojú máa ń tì mí. Alhaji Bùràímọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ mi ní Abossey Okai ń bọ̀ wálé ní Ìnísà, ó ní òun á bá mi mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ yín, òun á sì bá mi gba èsì.

Ara mi le. Ọkọ mi ń tọ́jú mi. Tí wọ́n bá ti ìdí páàtì ọkọ̀ tí wọ́n ń tà dé, ọwọ́ wọn á dúdú fún epo, wọ́n á ní kí n má tíì sún mọ́ wọn kí aṣọ mi má bàa bàjẹ́. Èmi á wá sún mọ́ wọn. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo kọ ìyẹn. Ìyá ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ wọ́n máa ń bu oúnjẹ fún mi kún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń darí ilé. Ẹ mọ orúkọ wọn, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè é. Ẹyinjú-ẹgẹ́ ni mo sọ wọ́n, torí ojú wọn dára, wọn kì í sì í jáde láìlé tìróò. Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin, Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, bírò kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, Ẹyinjú-ẹgẹ́ wò mí títí, wọ́n ní, “Ìyàwó, Yorùbá tìẹ jinlẹ̀ paa.” Ghana níbí ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n gbọ́ èdè wa dáadáa, àmọ́ Twi, èdè àwọn ará Ghana, ló máa ń sáré jáde lẹ́nu wọn.

Ohun tí inú mi fi ń dùn nìyí. Obìnrin Ghana kan wà ní Dansoman, Auntie Abena là ń pè é, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọkọ mi ló mú mi lọ síbẹ̀. Káàdì aláṣọ là ń ṣe, irú èyí tí èèyàn fi ń kí èèyàn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A ó to ègé àǹkárá wẹ́wẹ́ lé ojú rẹ̀ títí á fi di ilé tàbí ẹyẹ, a ó tẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín, a ó fi aṣọ funfun sẹ́yìn, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra ní ìlà ìlà. Tó bá parí, á wú díẹ̀díẹ̀ bí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Ẹ̀yìn funfun yẹn lèèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ojoojúmọ́ ni mo ń lẹ àbùlẹ̀ báyìí, ó ti mọ́ mi lára. Ẹyinjú-ẹgẹ́ ló ń kó ègé aṣọ tí wọn ò lò mọ́ wá fún mi. Ọ̀kan wà nínú àpò ìwé yìí, adìẹ ló wà lójú rẹ̀, èmi ni mo ṣe é.

Èyí tó wá jùyẹn lọ: ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Yorùbá ní Darkuman níbí fẹ́ ṣe aṣọ orúkọ. Ilé kọ̀ọ̀kan á mú ègé kan wá tí orúkọ àwọn ará ilé náà wà lára rẹ̀, Auntie Abena á kan gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ńlá, wọ́n á gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè mọ àwọn tó ti gbé ibí. Ẹni tó bá ṣe ti ilé wọn, á kọ orúkọ tirẹ̀ náà sí ìsàlẹ̀. Ẹyinjú-ẹgẹ́ ní, “Ìyàwó, ìwọ lo mọ abẹ́rẹ́ í dì mú, ìwọ ni kí o ṣe tilé wa.” Màmá, èmi tí mi ò tíì pé ọdún kan láàárín wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ègé òfì kan, bó ti wù kó kéré mọ, kí n fi ṣe etí rẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan Ìnísà wà lára rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Fáòsíà Àgbékẹ́


Ìnísà
10 oṣù kejì, 2025

Fáòsíà,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bùràímọ̀ jókòó síwájú mi, ó ń sọ ti ọ̀nà, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ. Kíkí tán síbẹ̀, torí inú ń bí mi.

Àbùlẹ̀. Èmi tí mo ti ń ta òkìrìkà láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi, tí n kò jẹ́ kí ìkankan nínú yín wọ aṣọ tó ya jáde nílé rí, ọmọ mi dé ilé ọkọ nílẹ̀ òkèèrè, àbùlẹ̀ ló ń lẹ̀ lójoojúmọ́. Aṣọ tí ẹlòmíràn ò lò mọ́ ni wọ́n ń kó wá fún un. Ó tún gbé bírò, ó kọ ọ́ sí mi pé ó ti mọ́ òun lára. Inú rẹ̀ sì ń dùn. Fáòsíà, ṣé wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ tí o ò mọ̀ ni, àbí o mọ̀ tí ò ń fi pa mọ́ fún mi?

Mo fi ègé aṣọ tí o fi ránṣẹ́ han ìyá àgbà. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n bi mí pé ṣé ẹ̀kú egúngún ni ẹ ń rán ní Accra ni. Mo ní rárá, mùsùlùmí ni gbogbo ilé. Wọ́n ní kí wá ni adìẹ ń wá níbẹ̀.

Mo gbé ọ fún wọn pẹ̀lú àpótí méjì tó kún. Àwọn tó bá wa sin ọ́ rí i. Kí ló dé tí Zuweira ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ á fi jókòó, tí ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ lọ́wọ́ nítorí gbogbo ilé? Ṣé télọ̀ ni wọ́n fẹ́ tẹ́lẹ̀?

Mo ti pe ìyá Khàlíl ọkọ rẹ lórí fóònù. N kò bú wọn. Mo kàn sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í ṣe alágbe, pé tí aṣọ bá wọ́n ní Ghana kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́, bẹ́ẹ̀lì aṣọ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti ṣa èyí tó dára nínú rẹ̀, Bùràímọ̀ á gbé e dé. Wọ̀ ọ́ kí wọ́n rí i.

Òfì tí o bèèrè, n kò fi ránṣẹ́. A kì í gé òfì fún àbùlẹ̀.

Ìyá rẹ


Darkuman
20 oṣù kejì, 2025

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá àgbà. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Láti kékeré, tí mo bá bínú sí yín, mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Lónìí ẹ máa mọ̀.

Ẹ pe ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n jókòó lórí àga, kì í ṣe orí ẹní. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Ìyàwó, aṣọ wo lo bèèrè lọ́wọ́ wa tí a ò fún ọ?” Ì bá sàn kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Mo kàn ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ẹrù yín náà dé. Ẹyinjú-ẹgẹ́ ló tú u. Wọ́n fa kóòtù òtútù kan jáde, èyí tó ní irun lọ́rùn, wọ́n wọ̀ ọ́ sínú oòrùn Accra yìí, wọ́n so ó dé ọrùn, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ wò mí, alágbe ti di òyìnbó.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ fi bò ó, àmọ́ mo rí i.

Màmá, kì í ṣe aṣọ tó ya là ń lẹ̀. Aṣọ tó dá ṣáṣá là ń gé, tí a tún ń tò padà. Ọnà ni. Àwọn àlejò ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá rà á lọ́wọ́ Auntie Abena, wọ́n ń gbé e kọ́ ògiri. Èmi ni mo lo ọ̀rọ̀ àbùlẹ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é. Àmọ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ò lè kọ́kọ́ bi mí léèrè ni?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, torí ohun tó ń ṣe mí báyìí jù ú lọ.

Mo parí ègé ilé wa. Òwú pupa ni mo fi kọ ọ́ sára aṣọ funfun. Lókè, mo kọ Ìyá Wa. Ó tẹ̀ lé e, Ẹyinjú-ẹgẹ́. Ó tẹ̀ lé e, Olówó-orí-mi. Ó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo kọ Fáòsíà, mo kọ ọ́ kékeré. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ lọ́nà mìíràn? Àwọn tí mo bá nínú ilé ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọdé.

A lọ sípàdé lọ́jọ́ Àìkú. Alága ń ka ti ilé kọ̀ọ̀kan sókè. Ó dé orí tiwa, ó kà á, ó dúró, ó tún un kà. Ó ní, “Ilé ta rèé?” Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, “Olówó-orí-mi, ta ló ni ín nínú wa?” Òmíràn ní, “Èmi náà ń wá a.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ìborùn bojú.

Ẹyinjú-ẹgẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde láàárín gbogbo èèyàn, wọ́n ní, “Níbo lorúkọ mi wà?” Mo tọ́ka sí i. Wọ́n ní, “Ìyẹn kì í ṣe orúkọ mi. Bàbá mi ò sọ mí ní Ẹyinjú. Ilé tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ọmọ tó bá ka aṣọ yìí, orúkọ ta ló máa rí níbẹ̀? Tìẹ. Ìwọ tí o dé lánàá. Ìwọ nìkan lo ní orúkọ nínú ilé wa.”

Màmá, mo wo aṣọ náà, òótọ́ ni. Orúkọ mi nìkan ni orúkọ tí wọ́n sọ èèyàn nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a délé, wọ́n ní kí n tú gbogbo rẹ̀, kí n kọ orúkọ wọn bó ṣe wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù. Mo ní mi ò lè pè é. Wọ́n ní, “Ta ló ní kí o pè é? Kọ ọ́ ni mo ní kí o kọ ọ́.” Wọ́n ní tí ìtúnu ààwẹ̀ bá dé tí mi ò tíì kọ ọ́, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn ṣe, orúkọ tèmi ò sì ní sí níbẹ̀ rárá, torí ẹni tó bá ṣe é ló ń kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi. Wọ́n ní, “Kọ ọ́ ṣáà, kí ilé tòrò.” Wọ́n sì kọjú sí ògiri, wọ́n sùn.

Inú ń bí mi, Màmá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n ní mo bú wọn. Mo fún wọn lórúkọ tó dùn ju èyí tí wọ́n ń jẹ́ lọ, wọ́n ní mo pa orúkọ wọn rẹ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dá mi lóhùn. Ẹnu mi ò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí. Tí mo bá fi òwú kọ ọ́, ṣé mo ti pè é nìyẹn? Ṣé abẹ́rẹ́ náà ń pe orúkọ? Ẹ tètè fèsì, ààwẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé.

Fáòsíà


Darkuman
14 oṣù kẹta, 2025

Màmá,

Ẹ kú ààwẹ̀. Alhaji Bùràímọ̀ lọ, ó bọ̀, ó ní ẹ ò fi nǹkan kan rán òun. Ó ní ńṣe lẹ ń wo òun bí ẹni tó jẹ yín ní gbèsè. Ṣé torí mo ní mo bínú ni? Ẹ̀yin bínú sí mi, mi ò dákẹ́ sí yín. Mo fèsì. Ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ tètè fèsì lẹ wá panu mọ́.

Ẹyinjú-ẹgẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Tí wọ́n bá ń wá iyọ̀, tí mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, wọ́n á sọ fún ìyá wọn pé, “Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó ọmọ yín pé kó gbé iyọ̀ wá.” Ìyá ọkọ mi á ní, “Ó ti gbọ́.” Èmi á gbé e fún wọn. Wọ́n á ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Báyìí là ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Mo lọ bá Auntie Abena. Ó ní òun ò rí wàhálà níbẹ̀, pé òun ń pe orúkọ ìyá ọkọ òun níwájú òde, ìyá ọkọ òun á sì dá òun lóhùn. Ó ní, “Kafra, Alata, kọ ọ́ kí o sinmi.” Pẹ̀lẹ́ ni kafra, Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n máa dá padà sílé ìyá rẹ̀.

Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, ìyẹn tó rí bí àkàsọ̀ tó ṣubú. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi, ẹ̀jẹ̀ kán sí aṣọ funfun. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń bínú nítorí orúkọ. Èmi náà ní ọ̀kan. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ta ló pè é? Ìyàwó, gbé omi. Ìyàwó, pa iná. Mi ò bínú sí i, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ ìsàlẹ̀ aṣọ yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n máa ti rí i kà ní gbogbo Accra, wọ́n sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi nítorí mo mọ ìwà hù.

Ẹ fèsì, tàbí kí ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ fèsì.

Fáòsíà


Ìnísà
22 oṣù kẹta, 2025

Fáòsíà Àgbékẹ́,

Má kọ irú ìwé yẹn sí mi mọ́. N kò panu mọ́. Mò ń bèèrè kiri ni. Ta ló kọ orúkọ ẹbí ọkọ sára aṣọ rí láyé tiwa, tí mo fi máa mọ èsì rẹ̀ láìbèèrè? Ṣé o fẹ́ kí n dá ọ lóhùn lórí ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n tún wá ní èmi ni mo kọ́ ọ níkọ́kúkọ̀ọ́?

Mo kọ́kọ́ bi ìyá àgbà. Wọ́n ní ẹnu ni wọ́n fi òfin dè, wọn ò dárúkọ ọwọ́, pé kí o máa kọ ọ́ lọ. Ìyáálé ilé wa gbọ́, wọ́n ní irọ́ ni, pé ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ, ó ti kọ́kọ́ pè é nínú kí ọwọ́ tó gbé e. Ìyá àgbà ní ta ló máa gbọ́ èyí tí èèyàn pè nínú. Ìyáálé ní ẹni tó pè é gbọ́. Wọn ò bá ara wọn ṣínu ààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ ló dá èyí sílẹ̀ nínú ilé wa.

Èmi gba ti ìyáálé. Má kọ ọ́.

Zuweira yìí, inú rẹ̀ ló ń bí mi. Mo gbà pé ó dùn ún, ilé bàbá rẹ̀ ni, kò sì burú kéèyàn fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Àmọ́ ẹni tó kàwé, tó ń gbé páàsìpọ́ọ̀tù kiri, tí orúkọ rẹ̀ wù ú tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò lọ́wọ́ ni? Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ìyàwó tó dé lánàá ló máa bá a kọ ọ́? Sọ fún un bẹ́ẹ̀ láti ẹnu mi. N kò retí pé wàá sọ ọ́, mo mọ irú ọmọ tí mo bí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí ẹ ń gé tí ẹ tún ń tò, mo ti gbọ́. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ ló ń gé aṣọ tuntun. Adìẹ rẹ wà lójú fèrèsé mi, má rò pé mo gbé e kọ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló ya, òun ni mo fi dí i. Ó sì bá a mu.

Ègé òfì wà nínú àpò ìwé yìí. Ara ìborùn ìgbéyàwó mi ni mo ti gé e, ní igun tí wọn kì í rí. Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ, a kì í gé òfì fún àbùlẹ̀. Ti orúkọ ló yàtọ̀.

Ìyá rẹ


Darkuman
6 oṣù kẹrin, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó. Ẹ bá mi kí ìyá àgbà àti ìyáálé, ẹ sọ fún wọn pé mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa jẹun pọ̀.

Ìyìn yín ò kúrò lẹ́nu mi nítorí òfì yẹn. Mo mọ ìborùn tó jẹ́. Mi ò kọ́kọ́ lè fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Mo ka ìwé yín nínú ilé ìwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Ẹ ní kí n bi wọ́n pé ṣé wọn ò lọ́wọ́ ni. Màmá, tí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ǹ bá ti máa kọ ìwé yìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Òótọ́ ni, wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo wọn lọ́wọ́. Mo tú òwú pupa náà tán, ó ku ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ lára aṣọ. Nígbà tí a ṣínu, tí gbogbo wa wà lọ́dẹ̀dẹ̀, mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, mo gbé pẹ́ńsù lé e, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí olúkúlùkù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀. Èmi á fi òwú tẹ̀ lé e.”

Ẹyinjú-ẹgẹ́ gbàgbé pé àwọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n ní, “Ìwọ lò ń pàṣẹ fún mi báyìí?”

Mo ní rárá.

Wọ́n ní, “Tí mi ò bá wá kọ ọ́ ńkọ́?”

Màmá, mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Mo ní, “Á jẹ́ pé àyè yín á ṣófo nìyẹn, torí mi ò ní kọ ọ́. Kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, kí ẹ yọ orúkọ mi kúrò. Ẹ lè pè mí ní ohun tó bá wù yín. Mi ò pe àgbà kankan lórúkọ rí, mi ò ní torí aṣọ bẹ̀rẹ̀.” Mi ò dìde, mi ò sì sunkún. Ọkọ mi lanu sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo ní ohùn tó tó bẹ́ẹ̀, èmi náà ò mọ̀.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ mira. Wọn ò mọ̀wé kọ. Wọ́n ní kí Akọ̀wé gbé ìgò tàdáwà wá, wọ́n ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sókè aṣọ, wọ́n mú un dúró títí ó fi mu dáadáa. Wọ́n ní, “Tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá lè kà á, kó kà á.” Akọ̀wé kọ tirẹ̀, ó fi ìrù gígùn sí i lẹ́yìn bí ejò. Ọkọ mi kọ tiwọn, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Ẹyinjú-ẹgẹ́ wò wá títí. Wọ́n wá fa pẹ́ńsù náà gbà lọ́wọ́ ọkọ mi. Wọ́n kọ orúkọ wọn, wọ́n kọ ti bàbá wọn, wọ́n kọ ti bàbá bàbá wọn tó kọ́kọ́ wá sí Ghana. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ilẹ̀ tán. Ìka méjì péré ló kù fún mi nísàlẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo kọ tèmi sí.

Ìyẹn ni mo wá rán. Tí mo bá ń fi òwú tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ, ipa ọwọ́ wọn ni mò ń tọ̀, mi ò pe ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe nínú. Kí ìyáálé gbọ́ ìyẹn. Àtàǹpàkò ìyá ọkọ mi ló pẹ́ jù, ìlà rẹ̀ yí kiri bí ipa ìgbín. Mo fi òfì yín yí gbogbo rẹ̀ ká. Lọ́jọ́ kẹta ọdún, wọ́n gbé aṣọ ńlá náà kọ́ gbọ̀ngàn. Alága dé ibi ilé wa, ó ka orúkọ Ẹyinjú-ẹgẹ́ títí ó fi mí kanlẹ̀, ó wá ka tèmi. Ó pe Fáòsíà sókè níwájú gbogbo èèyàn. Ẹni tó jókòó tì mí ní, “Ta nìyẹn?” Mo ní èmi ni.

Mo rò pé ó ti parí. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, Màmá, kí ẹ bá mi bínú. Lánàá, Ẹyinjú-ẹgẹ́ ti ìpàdé dé, wọ́n ju báàgì sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyàwó, níbo lo gbé Ẹyinjú-ẹgẹ́ mi sí?”

Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n tú u.

Wọ́n ní, “Mo ní kí o kọ orúkọ mi. Ṣé mo ní kí o gba èyí tí o fún mi ni?” Wọ́n ní àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń bi àwọn pé Ẹyinjú-ẹgẹ́ ọjọ́sí dà, pé ó dùn. Wọ́n ní ìyàwó alága ti ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó máa pe òun bẹ́ẹ̀.

Mo ní alága wa kì í ṣe obìnrin ni? Wọ́n ní kí n má bi àwọn ní ìbéèrè, pé ìyàwó àbúrò alága ni àwọn fẹ́ sọ. Màmá, ẹni tó fi odindi ààwẹ̀ sọ̀rọ̀ sí mi láti ara ìyá rẹ̀ nítorí orúkọ yẹn ló ń bínú báyìí pé mo tú u. Wọ́n ti lọ sọ aṣọ ńlá náà kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n gbé e wálé, orúkọ gbogbo Yorùbá Darkuman ló wà lórí ibùsùn wa níbí. Etí rẹ̀ ni ọkọ mi sùn sí mọ́jú.

Wọ́n ní kí n dá Ẹyinjú-ẹgẹ́ padà sókè, sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kò sí àyè lókè, bàbá bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi nísàlẹ̀ nìkan ni àyè kù, tí mo bá fún un pọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà nísàlẹ̀. Mo ní èmi ni mo sọ orúkọ náà, ẹ̀gbẹ́ mi náà ló sì máa wà, kí wọ́n yàn. Wọ́n bínú jáde. Èmi náà bínú, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí sí yín, abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò fi òwú sí i.

Wọ́n ti ń pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìlà tó kọjá. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mi. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ náà ò burú, àmọ́ kí n ṣọ́ra, kí n má lọ jẹ́ kó kéré ju tèmi lọ. Mò ń lọ, Màmá.

Fáòsíà